Kọ́kọ́rọ́ Kejì

Láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń fi ayùn yọ eyín kọ́kọ́rọ́
nílùú Lima, níbi tí sánmà ti rí bí eérú tó tutù,
tí òjò ò mọ bí a ti ń rọ̀,
àfi ìrì wínníwínní tó ń mú irin dípẹtà.
Ìrì yẹn ló ń bọ́ mi.

Hermelinda pè mí lọ́jọ́ kejì ìsìnkú àbúrò rẹ̀.
Ó lọ sin òkú ni; kó tó dé, wọ́n ti palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́.
Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n gbé rédíò tí ọkọ rẹ̀ fi sáyé lọ,
wọ́n jẹ ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò.
Ìrẹsì yẹn ló dùn ún jù.
“Wọ́n jókòó, Eleodoro. Orí àga mi ni wọ́n jókòó sí, wọ́n jẹun.”

Mo fi àgádágodo mẹ́ta di ẹnu ìlẹ̀kùn.
Ó ní kò tó.
Mo jó irin mọ́ ojú fèrèsé.
Ó ní kò tó.
Bíríkìlà gbé ògiri ga, ó to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀,
ìgò bíà, ìgò òróró, ìgò òògùn ikọ́ ọkọ rẹ̀ pàápàá,
gbogbo wọn la eyín sókè.
Ajá kan, Duque, gun orí òrùlé, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta;
èmi tí mo ń ṣe kọ́kọ́rọ́, mo mọ̀ ọ́n tọ̀ díẹ̀.
Mo yí ilé náà po, mo ní ó parí:
eṣinṣin gan-an á tọrọ àyè kó tó wọlé.
Tẹ́lẹ̀, tíì ló máa ń gbé ka iwájú mi.
Lọ́jọ́ yẹn, àárín irin ló ti na owó sí mi,
ìka mẹ́ta péré ni mo rí lára rẹ̀.

Nicanora ń gbé ní òdìkejì òpópó.
Ẹ̀wà tútù ló máa ń bó lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀,
ojú rẹ̀ kì í sì í sí lára ẹ̀wà.
Ọ̀sẹ̀ tí olè wá, ilé ìwòsàn ló wà.
Kò sẹ́ni tó ronú kan ìyẹn. Èmi náà kò ronú kàn án.
Nísinsìnyí ògiri ti bo àgbàlá, ìgò nìkan ló ń rí.

Oṣù Keje, òru, ìrì ń sẹ̀.
Nicanora gbọ́ ajá. Ó ní ajá tó rí olè a máa gbó síta;
eléyìí kọjú sínú ilé, ó ń gbó sísàlẹ̀.
Ó wọ bàtà ilé sáré wá kanlẹ̀kùn mi: “Gbé irinṣẹ́ rẹ!”

Hermelinda ti ṣubú ní balùwẹ̀, egungun itan ti dá.
À ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹni wà nínú kànga.
Èmi ni mo ti ilé náà. Èmi ni mo ń já a.
Ogójì ìṣẹ́jú.
Ayùn dá lẹ́ẹ̀mejì,
mo ṣépè fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà,
àwọn aládùúgbò tanná sí mi lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Mi ò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgò ṣì wà lórí ògiri. Mi ò ní kó yọ ọ́;
olè ṣì wà láyé, ọmọ mi sì ń lọ sílé ìwé.
Àgádágodo kan ṣoṣo ló ní kí n dá padà,
kọ́kọ́rọ́ méjì. Ìkejì wà lọ́rùn Nicanora,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú, ó ń dún wọnwọn bó bá ń bó ẹ̀wà.
Lálaalẹ́ ó máa ń fi ṣíbí lu irin ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
Hermelinda á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì.

Lálẹ́ àná mo ń kọjá, mo gbọ́ ti Nicanora.
Mo dúró. Ìrì ń wọ̀ mí lọ́rùn.
Ó pẹ́ díẹ̀.
Ajá jókòó lórí òrùlé, kò gbó.
Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: kọ̀, kọ̀.